Láti Yábà dé Igbó-Ọrà: Àjọṣepọ̀ pẹ̀lú Òkèèrè nínú Kíkọ́ Àwọn Oníṣègùn Òyìnbó ní Ilẹ̀ Yorùbá

Ìfáàrà

Ìyànà ni ibi tí ọ̀nà kan ti yà kúrò lára òmíràn. Ìyànà Ìpájà, ní agbègbè Alímòṣọ́, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí orúkọ bá ìṣe mu ní Ìpínlẹ̀ Èkó: ibẹ̀ ni ọ̀nà Ìpájà ti yà kúrò lára títì márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta, ibẹ̀ náà sì ni ẹni tí ó ń lọ sí Ẹ̀gbẹ́dá, Ìdímù àti Ìkòtún ti ń yà sí apá kejì. Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, ènìyàn 1,277,714 ni ìjọba àpapọ̀ kà ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímòṣọ́, iye tí ó pọ̀ ju ti ìjọba ìbílẹ̀ yòówù mìíràn lọ ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Bí ara ọmọ bá gbóná lóru ní àdúgbò yìí, ilé-ìwòsàn ìjọba ní Ìgàndó, ilé ìlera alábọ́dé, ilé-ìwòsàn aládàáni tàbí ìsọ̀ kẹ́mísìtì ni ìyá rẹ̀ yóò gbé e lọ. Ibi yòówù tí ó gbé e lọ, ẹnì kan ni yóò di abẹ́rẹ́ mú. Ta ni ó kọ́ ẹni náà? Ta ni ó sì fún un ní àṣẹ láti di abẹ́rẹ́ náà mú?

Orí ìbéèrè kejì yìí ni iṣẹ́ yìí dúró lé. Nínú ìtàn ìṣègùn òyìnbó ní Nàìjíríà, ohun tí a sábà máa ń kà ni owó tí ó ti òkèèrè wá, ilé tí a fi í kọ́, àti àwọn olùkọ́ tí ọkọ̀ òkun kó dé. Kì í ṣe pé àwọn wọ̀nyí kò ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n ohun tí ó darí ẹsẹ̀ àwọn tí a kọ́ ju owó àti ilé lọ ni ẹni tí ó ní àṣẹ láti sọ pé ẹ̀kọ́ wọn pé, àti ibi tí ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n gbà ti ń jẹ́ ìwé-ẹ̀rí. Yábà, Ìbàdàn, Ìmẹ̀sí-Ilé àti Igbó-Ọrà ni ibi mẹ́rin tí ìyẹ̀wò náà yóò ti dúró. Ìtàn tí ó ṣáájú wọn kò ní gba àyè púpọ̀.

Àwọn tí ó kọ́kọ́ lọ

Ibà ni ó kọ́kọ́ mú kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ronú kan oníṣègùn aláwọ̀ dúdú. Àwọn ọmọ ogun wọn àti àwọn dókítà wọn ń kú ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi hàn sí wọn pé ọmọ ilẹ̀ náà ni ó yẹ kí a kọ́. Ní 1855, pẹ̀lú ọwọ́ ìjọ C.M.S., wọ́n mú ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta láti Sàró lọ sí King's College ní Lọ́ńdọ̀nù: William Broughton Davies, James Africanus Horton àti Samuel Campbell. Yorùbá ni òbí Davies; Ìgbò ni ti Horton. Àìsàn kò jẹ́ kí Campbell parí. Àwọn méjì yòókù parí ẹ̀kọ́, wọ́n gba oyè dókítà ní Scotland, wọ́n sì padà wá sí Áfíríkà gẹ́gẹ́ bí oníṣègùn ọmọ ogun.

Ní Abẹ́òkúta, ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé 1860, oníṣègùn C.M.S. kan tí ó ń jẹ́ A. A. Harrison gbìyànjú láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níbẹ̀ gan-an. Nathaniel King wà lára wọn. Iṣẹ́ náà kò tọ́jọ́. Òkèèrè náà ni King padà lọ, Aberdeen ni ó sì ti gba oyè rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni John Randle, Ọbádíà Johnson, Ọ̀rìṣàdípẹ̀ Ọbasá àti Ògúntọ́lá Sàpárà. (Ọbádíà Johnson yìí ni àbúrò Samuel Johnson òpìtàn; òun ni ó tún ìwé ìtàn Yorùbá tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ tò lẹ́yìn tí àfọwọ́kọ àkọ́kọ́ sọnù, èyí tí a fi rí i tẹ̀ jáde ní 1921. Iṣẹ́ oníṣègùn kò dí i lọ́wọ́.) Ìwé-ẹ̀rí gbogbo wọn kò yàtọ̀ sí ti òyìnbó tí wọ́n jọ jókòó ṣe ìdánwò.

Ìwé-ẹ̀rí yìí kò gbà wọ́n sílẹ̀. Ní 1902, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì da iṣẹ́ ìṣègùn àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pọ̀ sí ọ̀kan, wọ́n sì gbé e kalẹ̀ pé ẹni tí òbí rẹ̀ jẹ́ ará Yúróòpù nìkan ni ó lè wọ inú rẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, ọkùnrin tí ó gba oyè ní Edinburgh lè máa gbé ní Èkó, kí ó máa tọ́jú aláìsàn ní ilé ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ọmọdé òyìnbó tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́ ọ̀gá fún un nínú iṣẹ́ ìjọba. Àwọ̀ ara ni wọ́n fi ṣe ìdènà nígbà náà. Ní Yábà, ìwé-ẹ̀rí gan-an ni wọ́n sọ di ìdènà.

Yábà

Kí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn tó dé Yábà ni àwọn ará Amẹ́ríkà ti débẹ̀. Ní 1925, Rockefeller Foundation gbé ilé ìwádìí kalẹ̀ níbẹ̀ láti mọ ìdí ibà pọ́njú. Ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ tí ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀, Adrian Stokes, kó àìsàn náà, ó sì kú ní Èkó ní 1927. Ìwádìí ni wọ́n bá wá, wọn kò bá ti ẹ̀kọ́ wá. Ṣùgbọ́n orúkọ Foundation yìí yóò tún jẹyọ níwájú.

Ní 1930 ni ìjọba amúnisìn dá ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn sílẹ̀ ní Yábà, tí ó sì wá ń bá Higher College, tí wọ́n ṣí ní gbangba ní 1934, rìn. Ìwé-àṣẹ tí ilé-ẹ̀kọ́ náà ń fún àwọn tí ó bá yege kò kọjá ẹnu bodè Nàìjíríà. Ẹni tí ó gbà á kò lè forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí dókítà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú iṣẹ́ ìjọba, igbákejì oníṣègùn ni wọ́n ń pè é, owó rẹ̀ sì kéré sí ti òyìnbó tí ó ń bá ṣiṣẹ́.

Àwíjàre ìjọba ni pé ilẹ̀ náà nílò oníṣègùn púpọ̀ kíákíá, pé owó kò tó, àti pé ẹ̀kọ́ tí ó bá àìsàn ilẹ̀ yìí mu sàn ju èyí tí a gbé ka orí àìsàn ilẹ̀ olótùútù lọ. Bí a bá yọ ìgbéraga kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí, ọgbọ́n wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí àwọn onímọ̀ ìlera sọ káàkiri àgbáyé ní àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà kò jìnnà sí i. Ṣùgbọ́n ẹnu tí ó ti jáde ni ó bà á jẹ́. Ìjọba tí ó ń sọ pé igbákejì oníṣègùn tó fún ará oko ni ó ń tọ́jú òyìnbó ní ilé-ìwòsàn ọ̀tọ̀, pẹ̀lú dókítà tí ó ti òkèèrè wá. Ẹni tí a kò bá jùmọ̀ jẹun kò lè sọ fún ni pé oúnjẹ tí òun kò fẹ́ jẹ ni ó bá ara ẹni mu.

Àwọn ọ̀dọ́ Èkó lóye èyí. Ní 1934, Dókítà J. C. Vaughan, tí ó ti gba oyè rẹ̀ ní Glasgow, pẹ̀lú Ernest Ikoli, Samuel Akínsànyà àti H. O. Davies, dá ẹgbẹ́ Lagos Youth Movement sílẹ̀. Ẹ̀hónú sí Yábà ni ó bí i. Ní 1936 ni wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Nigerian Youth Movement, ó sì di ẹgbẹ́ òṣèlú tí apá rẹ̀ nà kọjá Èkó. Ó yẹ kí òpìtàn ìṣèlú máa rántí pé ọ̀ràn ìwé-ẹ̀rí dókítà wà lára ohun tí ó gbin ìgbòkègbodò òmìnira sí ilẹ̀ yìí. Ní ti àwọn tí ó jáde ní Yábà fúnra wọn, iṣẹ́ wọn kò fi hàn pé ààbọ̀ ni wọ́n. Michael Okpara, tí ó di olórí ìjọba Ìlà-Oòrùn láti 1959 sí 1966, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Ìbàdàn àti Lọ́ńdọ̀nù

Ìgbìmọ̀ Elliot jábọ̀ ní 1945. Ní 1948 Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yábà sì ni wọ́n kó lọ síbẹ̀ láti fi bẹ̀rẹ̀. Àdéhùn tí ó so Ìbàdàn mọ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù rọrùn láti sọ, ṣùgbọ́n ó wúwo: Ìbàdàn ni yóò kọ́ akẹ́kọ̀ọ́, Lọ́ńdọ̀nù ni yóò fún un ní oyè. Àwọn olùkọ́ ibi méjèèjì yóò jọ fọwọ́ sí ìwé-ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò, olùdánwò yóò sì máa ti òkè òkun wá jókòó pẹ̀lú ti ilé.

Ní ẹ̀ka ìṣègùn, àdéhùn yìí kọsẹ̀ lójú kan náà tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ìdajì ẹ̀kọ́ oníṣègùn ni ti inú yàrá. Ìdajì kejì ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Ilé-ìwòsàn Adéọ̀yọ́ ni ó wà ní Ìbàdàn, Lọ́ńdọ̀nù kò sì gbà pé ó tó fún kíkọ́ ẹni tí yóò gba oyè wọn. Nítorí náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn àkọ́kọ́ ka ìdajì àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn, wọ́n sì wọ ọkọ̀ lọ parí rẹ̀ ní àwọn ilé-ìwòsàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n kọ́ nípa ara ènìyàn ní ìlú tí ibà ti ń pa ọmọdé, wọ́n sì lọ kọ́ ìtọ́jú rẹ̀ ní ibi tí kò ti sí ẹ̀fọn ibà. Òfin tí ó dá University College Hospital sílẹ̀ jáde ní 1952. Ní ọjọ́ 20 oṣù kọkànlá ọdún 1957 ni Ọmọ-Ọba Mary ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣí i, pẹ̀lú ibùsùn 500. Ní 1960 ni àwọn tí ó kọ́kọ́ kẹ́kọ̀ọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní Ìbàdàn gba oyè Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún méjì péré ni ó kù nígbà náà kí Ìbàdàn tó di yunifásítì tí ó ń fún ni ní oyè ara rẹ̀.

Èrè àjọṣepọ̀ yìí hàn kedere, kò sì tọ́ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré rẹ̀. Ẹ̀gàn Yábà tán. Kò sí ẹni tí ó lè pe dókítà Ìbàdàn ní ààbọ̀ dókítà. Ní ọ̀nà ti nọ́ọ̀sì, Kofoworọlá Abẹ́ní Pratt, tí ó ti kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ Nightingale ní St Thomas's ní Lọ́ńdọ̀nù, padà wálé ní 1954, kò sì ju bí ọdún mẹ́wàá lọ lẹ́yìn náà tí ó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ olórí àwọn nọ́ọ̀sì ní UCH. Ní 1965, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, Yunifásítì Ìbàdàn dá ẹ̀ka sílẹ̀ tí nọ́ọ̀sì ti lè gba oyè yunifásítì, nígbà tí irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n ní Áfíríkà.

Àwọn tí ó ń sọ̀rọ̀ nípa irú àjọṣepọ̀ yìí fẹ́ràn láti pa á lówe pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Òwe náà dára. Ohun tí wọn kì í bèèrè ni ẹni tí ó pe ẹnì kan ní ọmọdé. Nínú àdéhùn 1948, Lọ́ńdọ̀nù nìkan ni pẹpẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí akèrègbè kankan tí ó gbà pé Ìbàdàn ni yóò bá òun ti ọwọ́ bọ̀. Nǹkan kan tún wà nínú ìwé-ẹ̀rí náà tí ẹnikẹ́ni kò fi bẹ́ẹ̀ kà sí ní ọjọ́ tí wọ́n ń yọ̀. Bí ó ti jẹ́ pé oyè Lọ́ńdọ̀nù ni, ibi gbogbo tí a ti ń bọ̀wọ̀ fún Lọ́ńdọ̀nù ni a ti ń bọ̀wọ̀ fún un. Ilẹ̀kùn tí ó ṣí sílẹ̀ fún ìwọlé náà ni ó ṣí sílẹ̀ fún ìjáde. Lẹ́yìn 1962 pàápàá, nígbà tí Ìbàdàn ń fún ni ní oyè tirẹ̀, tí Yunifásítì Èkó sì dá kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn tirẹ̀ sílẹ̀, ìwọ̀n tí Lọ́ńdọ̀nù fi sílẹ̀ ni wọ́n ṣì fi ń wọn ẹ̀kọ́.

Ìmẹ̀sí-Ilé

Ní ìgbà tí UCH ń gòkè lọ ní Ìbàdàn, ohun mìíràn ń ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ní 1956, oníṣègùn ọmọdé kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, David Morley, dé ilé-ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, tí ó jẹ́ ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Ohun tí ó rí níbẹ̀ ni pé àwọn ọmọ tí ilé-ìwòsàn ń bá pàdé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá ìrànlọ́wọ́ kí wọ́n tó dé. Èéyi, ìgbẹ́ gbuuru, ibà àti àìjẹunkánú ni ó ń pa wọ́n, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ń fẹ́ ọ̀bẹ abẹ tàbí yàrá iṣẹ́ abẹ. Ó mú iṣẹ́ náà kúrò ní ilé-ìwòsàn lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé, ìlú kékeré kan. Àwọn nọ́ọ̀sì ni ó ń darí ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún níbẹ̀, kì í ṣe dókítà. Wọ́n ń gbé ọmọ ka orí òṣùwọ̀n, wọ́n ń fún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀ lójú kan náà.

Inú iṣẹ́ yìí ni káàdì ìwọ̀n ọmọ ti jáde. Ìlà tí a fà sí i ń fi ọ̀nà tí ìwọ̀n ọmọ tí ara rẹ̀ dá yẹ kí ó tọ̀ hàn. Àmì tí a ń fi sí i nígbàkúùgbà tí ìyá bá gbé ọmọ wá ń fi hàn bóyá ọmọ náà wà ní ojú ọ̀nà tàbí ó ti ń yà. Ọwọ́ ìyá ni káàdì náà ń gbé, nínú ọ̀rá kí omi má bà á jẹ́. Èyí kì í ṣe ohun kékeré. Àṣà ilé-ìwòsàn òyìnbó ni pé ìwé aláìsàn ohun ìní ilé-ìwòsàn ni. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, obìnrin tí kò mọ̀wé rárá ni ó di olùtọ́jú ìwé, ó sì tọ́jú rẹ̀.

Nígbà tí Morley padà sí Lọ́ńdọ̀nù, ohun tí ó kọ́ ní Ìjẹ̀ṣà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì tí ó ti orílẹ̀-èdè púpọ̀ wá. Ní 1965 ó dá àjọ TALC sílẹ̀, tí ó ń ta ìwé àti ohun ìkọ́ni fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ní owó tí apá wọn ká. Irú káàdì náà tàn ká ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Akèrègbè tí a mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan ni èyí: Ìmẹ̀sí-Ilé kọ́ Lọ́ńdọ̀nù. Síbẹ̀, orúkọ Morley ni ó wà nínú àwọn ìwé, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀; ti àwọn nọ́ọ̀sì Ìjẹ̀ṣà tí ó ń gbé ọmọ ka orí òṣùwọ̀n ní ojoojúmọ́ ṣòroó rí. Kò sí ìwé-ẹ̀rí tí Ìmẹ̀sí-Ilé fún ẹnikẹ́ni tí ó lè mú un kọjá òkun. Àwọn tí ó kọ́ iṣẹ́ níbẹ̀ kọ́ ọ láti fi ṣe iṣẹ́ tí ó wà níwájú wọn. Ní 1975, Wesley Guild di ara ilé-ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Ifẹ̀.

Igbó-Ọrà àti Ìdèrè

Ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ Igbó-Ọrà lónìí, ìbejì ni ó ń wá sí i lọ́kàn. Ó yẹ kí ó mọ̀ pé àwọn oníṣègùn Ìbàdàn ni ó kọ́kọ́ jókòó ka àwọn ìbejì náà. Patrick Nylander ni ó kà wọ́n tí ó sì fi hàn pé wọ́n sún mọ́ 45 nínú ìbí 1,000. Kò lè ṣe é bí kò ṣe pé yunifásítì ti ní ibùdó ní ìlú náà.

Ní 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn, pẹ̀lú ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àti owó Rockefeller Foundation, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìlera àwùjọ ní Ìbàràpá. Ìlú méje ni Ìbàràpá: Ìgàngàn, Erúwà, Ayétẹ̀, Tápà, Ìdèrè, Igbó-Ọrà àti Lánlátẹ̀. Igbó-Ọrà ni wọ́n fi ṣe ibùjókòó. Dandan ni fún akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn láti gbé ibẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ó sùn níbẹ̀, kí ó jẹun níbẹ̀, kí ó bá àwọn ará ilé tí yóò tọ́jú sọ̀rọ̀. Àwọn Foundation tí ó ti wá Yábà ní 1925 nítorí ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ni ó wá ń sanwó báyìí kí ọmọ Nàìjíríà lè mọ ilé aláìsàn.

Ọgbọ́n tí ó wà nínú ètò yìí ni pé kò ya ẹ̀kọ́ àrọko sọ́tọ̀ fún igbákejì oníṣègùn bíi ti Yábà. Akẹ́kọ̀ọ́ kan náà tí yóò gba oyè Ìbàdàn, tí ó lè fi oyè náà lọ ibikíbi, ni wọ́n mú lọ sí Igbó-Ọrà. Wọn kò dín ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ kù. Ohun tí ó gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ó tó gbà á ni wọ́n fi kún. Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ 1934 bá ìjọba jà fún àti ohun tí ìjọba ń wí jọ wọ ilé kan náà níbẹ̀, láìsí pé ẹnì kan ni a rẹ̀ sílẹ̀.

Ní Ìdèrè ni ètò náà ti so èso tí ó tóbi jù. Ní 1975 ni wọ́n dá ibùdó ẹ̀kọ́ ìlera fún ilẹ̀ Áfíríkà sílẹ̀ ní Ìbàdàn, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ń lọ sí Ìdèrè, níbi tí sóbìà ti ń dá àgbẹ̀ dùbúlẹ̀ ní àkókò iṣẹ́ oko gan-an. J. D. Adéníyì tí ó jẹ́ ọmọ Yorùbá, William Brieger tí ó jẹ́ ará Amẹ́ríkà, àti Jayashree Ramakrishna tí ó ti Íńdíà wá, wà lára àwọn olùkọ́ tí ó darí iṣẹ́ náà. Wọ́n bá ìgbàgbọ́ kan lọ́wọ́ àwọn ará ìlú, pé sóbìà wà nínú ara gbogbo ènìyàn láti ìbí bí iṣan ṣe wà nínú rẹ̀, pé ó kàn ń jí dìde nínú ara ẹlòmíràn ni. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni omi adágún ní í ṣe pẹ̀lú rẹ̀? Olùkọ́ tí ó kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ nínú ìwé nìkan ì bá pe èyí ní àìmọ̀kan kí ó sì máa lọ. Àwọn wọ̀nyí kọ ìgbàgbọ́ náà sílẹ̀, wọ́n sì fi ṣe ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ wọn. Wọ́n kọ́ àwọn ará ìlú kan tí ó yọ̀ǹda ara wọn ní iṣẹ́ ìlera, àwọn wọ̀nyí sì ń ta asẹ́ tí a fi ń sẹ́ omi mímu fún aládùúgbò wọn.

Àwọn tí a kọ́ wọ̀nyí kò gba oyè kankan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn wá ń kọ́ iṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, oyè Ìbàdàn ni wọ́n sì ń gbé padà lọ sílé. Ìbàdàn ti wà ní ipò tí Lọ́ńdọ̀nù wà ní 1948. Ní 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé sóbìà ti tán ní Nàìjíríà. Gbogbo ìyìn náà kò lè jẹ́ ti Ìdèrè, nítorí iṣẹ́ náà kan orílẹ̀-èdè lápapọ̀, ọ̀pọ̀ àjọ àti ìjọba ni ó sì lọ́wọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ó wà lára ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ mọ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ sóbìà kí àgbẹ̀ lè gbọ́.

Ìyànà

Àìlera ètò Igbó-Ọrà ni pé ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ó jẹ́ nínú ẹ̀kọ́ ọ̀pọ̀ ọdún. Lẹ́yìn 1986, tí náírà bẹ̀rẹ̀ sí já wálẹ̀, àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì gbọ́ ọ̀nà Saudi Arabia, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, ìwé-ẹ̀rí wọn sì gbà wọ́n dé ibẹ̀. Kò sí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ní Ìbàràpá tí ó lè ra oúnjẹ fún ọmọ ẹni. Ní 2010, Amẹ́ríkà gbé ètò MEPI kalẹ̀ pẹ̀lú nǹkan bí 130 mílíọ̀nù dọ́là fún ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà 12. Ní Nàìjíríà, Ìbàdàn ni ó ṣíwájú, Yunifásítì Èkó wà lára àwọn tí ó tẹ̀ lé e, Harvard àti Northwestern sì jẹ́ alábàáṣe wọn. Ọ̀kan nínú ohun tí ètò náà fẹ́ ni pé kí àwọn tí a kọ́ dúró sílé. Ní ọdún kan náà ni àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé fọwọ́ sí ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé lórí gbígba òṣìṣẹ́ ìlera láti ilẹ̀ òmíràn. Ní 2023, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi Nàìjíríà sí ara àwọn orílẹ̀-èdè tí agbanisíṣẹ́ wọn kò gbọ́dọ̀ wá kó òṣìṣẹ́ ìlera. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá iṣẹ́ náà lọ, kò sí ẹni tí yóò dá a padà.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2023, ìwé àbádòfin kan kọjá ìpele kejì ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú ní Àbújá. Ohun tí ó wí ni pé ẹni tí ó bá gba oyè dókítà ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ nílé fún ọdún márùn-ún kí ó tó gba ìwé-àṣẹ tí ó pé. Àwọn dókítà kọ̀ ọ́ kíkankíkan, kò sì di òfin kí ìgbìmọ̀ náà tó parí sáà rẹ̀ ní oṣù kẹfà. Ní oṣù kejì ọdún 2024, àjọ tí ó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí gbé ìlànà jáde pé nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì lẹ́yìn tí ó gba ìwé-àṣẹ kí àjọ náà tó jẹ́rìí rẹ̀ fún ilẹ̀ òkèèrè. Àwọn nọ́ọ̀sì jáde ní Àbújá àti ní Èkó láti fẹ̀hónú hàn.

Ẹni tí ó bá ti ka ìtàn Yábà yóò mọ ohùn yìí. Ìwé-àṣẹ tí kò lè kọjá ẹnu bodè ni àwọn ọ̀dọ́ Èkó bínú sí ní 1934. Irú rẹ̀ ni ọmọ Nàìjíríà fúnra rẹ̀ wá ń ṣe fún ọmọ Nàìjíríà lẹ́yìn nǹkan bí àádọ́rùn-ún ọdún. Ìyàtọ̀ wà, kò sì kéré: ìjọba amúnisìn ń dín ìwé-ẹ̀rí kù kí wọ́n lè san owó kékeré fún ẹni tí ó gbà á, ìjọba òde òní ń fa ọwọ́ ìwé-ẹ̀rí sẹ́yìn nítorí pé wọn kò lè san owó tí ó tó. Ẹni tí ó ń gba owó náà lè má rí ìyàtọ̀ yẹn. Kò sì sí nínú àbádòfin 2023 tàbí ìlànà 2024 ọ̀rọ̀ kan nípa ohun tí wọ́n ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ibi tí ó ti ń kọ́ ọ. Ìwé tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ni wọ́n dojú kọ.

Títì tí ó gba Ìyànà Ìpájà kọjá ni ó lọ sí Abẹ́òkúta, ọ̀nà sì wà láti Abẹ́òkúta lọ sí Igbó-Ọrà. Ní apá kejì, títì kan náà padà sí àárín Èkó, níbi tí pápákọ̀ òfurufú wà. Nọ́ọ̀sì tí ó ń gbé ní Ẹ̀gbẹ́dá tí ó sì ń ṣiṣẹ́ ní Ìgàndó ń rí ọkọ̀ méjèèjì lójoojúmọ́, ìwé-ẹ̀rí kan ṣoṣo tí ó wà nínú àpò rẹ̀ sì tó láti wọ èyíkéyìí nínú wọn.